Okùn pupa-funfun lára káàdì Dragobete: gọ́ọ̀mù kọ́ ni ìṣòro yín

Ẹ ní okùn Mărțișor, okùn pupa-funfun tí àwọn ará Ròmáníà máa ń so ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, tí ẹ lẹ̀ mọ́ káàdì tí ẹ ṣe fún Dragobete, ọjọ́ ìfẹ́ wọn, ń tú, pupa rẹ̀ sì ń ṣí sára funfun, ẹ wá ń béèrè gọ́ọ̀mù tó dáa. Ẹ gbé gọ́ọ̀mù tì ná. Bí ẹ ṣe lọ́ okùn yẹn ni ká kọ́kọ́ wò.

Àwọn olùkọ́ orí fídíò á ní kí ẹ kó òwú pupa àti funfun pọ̀ sọ́wọ́, kí ẹ lọ́ wọn pa pọ̀. Irú okùn bẹ́ẹ̀ máa ń rí játijàti, ẹ ò ní mọ èyí tó ń tẹ̀lé èyí. Ẹ gé pupa 40 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gé funfun 40, ẹ so orí ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì kó di òwú gígùn kan. Ẹ fi téèpù lẹ ìparí kan mọ́ tábìlì, kí ẹ máa lọ́ ìparí kejì sí apá kan ṣoṣo, títí tí yóò fi máa ká jọ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Tí kò bá tíì ká jọ, ẹ ò tíì lọ́ ọ tó; ibẹ̀ ni títú ti ń wá. Ẹ di kókó àárín mú, ẹ pa ìparí méjèèjì pọ̀, kí ẹ so wọ́n kí ẹ tó fi àárín sílẹ̀. Ẹni tó bá fi àárín sílẹ̀ kó tó so wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Omi inú gọ́ọ̀mù funfun ló ń mú aró ṣí. Ẹ rẹ òwú pupa, ẹ fi tíṣù funfun tẹ̀ ẹ́. Tí tíṣù bá pọ́n, ẹ fi omi tútù ṣan òwú náà títí omi á fi mọ́, tàbí kí ẹ ra òmíràn. Àwọn ọ̀mọ̀ràn tó ní kí ẹ fi iyọ̀ àti fínígà dè é ń fi àkókò yín ṣòfò. Fínígà ò de aró lára òwú.

Ẹ má lẹ okùn náà rárá. Ihò méjì ni kí ẹ lu síwájú káàdì, kí ẹ fa okùn gbà á, kí ẹ so ó ní ìso tó ṣeé fà tú. Ọjọ́ 24 oṣù Kejì ni Dragobete, ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ni Mărțișor. Ẹni tó gbà á ní láti lè yọ ọ́ so mọ́ aṣọ, kó lò ó la oṣù Kẹta já, kó tó so ó mọ́ ẹ̀ka igi.

Ẹ ò béèrè nípa abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń rán ọ̀ṣọ́ alágbèélébùú sójú káàdì, àmọ́ òun ló ń ba káàdì jẹ́ jù. Lára ia, bùláòsì funfun àwọn obìnrin Ròmáníà, altiță ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tó wà léjìká, încreț ni ìlà aláwọ̀ kan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, râuri ló ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ apá. Ẹ má kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú káàdì kan. Páálí tó jẹ́ 250 sí 300 gíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin kan ni kí ẹ lò. 160 á ya. Ẹ lu gbogbo ihò tán kí ẹ tó fi òwú kankan sí i, láti iwájú, lórí táwẹ́ẹ̀lì tí ẹ ṣẹ́ po. Kí ihò fi mílímítà 3 jìnnà síra. Tó bá dín sí 2, ihò á ya wọ ara wọn. Òwú tín-ín-rín méjì nínú mẹ́fà tó para pọ̀ di òwú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kan ni kí ẹ fi rán an, torí ihò igun kan lè gba àgbélébùú mẹ́rin, tí òwú bá nípọn, páálí á fà ya. Ẹ fa òwú sókè tààrà, ẹ má fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kókó ò gbọdọ̀ sí lẹ́yìn: téèpù ni kí ẹ fi mú ìdí òwú. Ìyókù, bí ẹ ṣe máa ṣẹ́ káàdì àti bí ẹ ṣe máa bo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ mọ ìyẹn.

Ẹ má tẹ ghiocel tútù, òdòdó funfun kékeré tí orúkọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Galanthus, sínú rẹ̀. Á di àwọ̀ tíì, gbogbo ẹ̀yà Galanthus sì wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tí a ń dáàbò bò, kí ẹnikẹ́ni má wá fi ewé kan dá yín dúró ní ibodè. Bébà funfun ni kí ẹ fi gé e.

Tó bá jẹ́ Ìlú Ọba ni ẹ ti ń fi ránṣẹ́, 5 mílímítà ni lẹ́tà lásán lè nípọn mọ, 100 gíráàmù ló sì lè wúwo mọ. Tó bá fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó wà ní káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ lónìí lè gbà á, ti ọ̀la lè dá a padà. Ẹ gé ihò tóóró 5 mílímítà sára páálí nílé, ẹ ti káàdì gbà á. Tó bá há, ẹ tú ìso iwájú, ẹ tẹ́ okùn pẹlẹbẹ sínú káàdì, kí ẹni tó gbà á so ó fúnra rẹ̀.