Lílo fóònù nínú bàálù: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàláámù àláékúùmù, Àáfà. Nígbà tí a ń lọ ṣe Umrah, mò ń ka Àlùkùráánì lórí fóònù mi nígbà tí bàálù fẹ́ gbéra. Òṣìṣẹ́ inú bàálù ní kí gbogbo wa fi fóònù sí flight mode. Ẹni tó jókòó tì mí kò dá a lóhùn, ó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Ó ní Ọlọ́hun ló ń ṣọ́ni, kì í ṣe òfin òyìnbó. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé kí n dá Àlùkùráánì kíkà dúró ni?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ti bá ilé-iṣẹ́ bàálù ṣe àdéhùn pé òun á tẹ̀lé òfin ọkọ̀ wọn. Ọlọ́hun sì sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ Suratul-Maa'idah pé kí ẹ̀yin onígbàgbọ́ òdodo mú àdéhùn yín ṣẹ. Kò yọ àdéhùn tí a bá òyìnbó ṣe sílẹ̀.

Ìnira ẹlòmíràn tún wà níbẹ̀. Ẹ ti gbọ́ bí rédíò ṣe máa ń kùn nígbà tí fóònù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ dún. Irú ariwo bẹ́ẹ̀ lè wọ inú ohun tí awakọ̀ fi sétí láti gbọ́ àwọn tó ń darí rẹ̀ nílẹ̀. Mi ò sọ pé fóònù kan á já bàálù lulẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gbéra àti nígbà tó bá ń balẹ̀ ni awakọ̀ nílò etí rẹ̀ jù, Ànábì sì ti kọ̀ fún wa láti ni ẹnikẹ́ni lára. Òtítọ́ ni pé Ọlọ́hun ló ń ṣọ́ni. Síbẹ̀, Ànábì ní kí ọkùnrin kan so ràkúnmí rẹ̀, kó sì gbára lé Ọlọ́hun.

Níbi tí ilé-iṣẹ́ bàálù bá ti yọ̀ǹda rẹ̀, bíi àwọn tó ní Wi-Fi lókè, kò sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ má dá Àlùkùráánì dúró. Èyí tó ti wà lórí fóònù yín kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pa fóònù pátápátá, ẹ ka èyí tí ẹ há sórí, kí ẹ sì ṣe àdúà, torí àdúà arìnrìn-àjò wà lára èyí tí Ọlọ́hun máa ń gbà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti míkáàtì, ìyẹn ààlà tí ẹni tó ń lọ ṣe Hajj tàbí Umrah ti gbọ́dọ̀ gbé àníyàn, ìyẹn ìpinnu láti wọ inú ìjọsìn náà. Awakọ̀ á kéde pé a ti sún mọ́ ọn, àwọn kan á ti di etí pa pẹ̀lú fóònù. Ẹni tó ń lọ ṣe Umrah, tó bá kọjá ibẹ̀ láìgbé àníyàn, ní láti padà síbẹ̀. Bí kò bá padà, tó gbé àníyàn níwájú, ọ̀pọ̀ onímímọ̀ ní ẹran pípa di dandan fún un.