Èérún pélénà: ẹ fẹ ẹnu họ́ọ̀sì kí ẹ tó wá fákúùmù alágbára

Ẹ ní pélénà (ẹ̀rọ tó ń fá ojú pákó) íńṣì 13 tí ẹ gbé sí gárééjì ń da èérún sílẹ̀ bí òjò, fákúùmù tí ẹ so mọ́ ọn dí lẹ́yìn pákó méjì, ojú pákó sì ń jáde bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná bá jà. Ohun kan náà ló fa gbogbo rẹ̀: atẹ́gùn tó ń gba inú họ́ọ̀sì kò tó.

Fákúùmù ilé lágbára lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló há. Ẹ wo ìṣirò yìí. Pákó tó fẹ̀ ní íńṣì 12, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tí ẹ bá fá íńṣì 1/16 lójú rẹ̀, igi tó kúrò lé díẹ̀ ní lítà kan. Bó bá di èérún, ó ń wú di ìlọ́po mélòó kan. Pákó 10, kí ẹ fá ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́fà, dúrọ́ọ̀mù lítà 120 á kún kí iṣẹ́ tó parí.

Nítorí náà, dọ́ọ̀sì kọlẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ onífáànù tó ń fa èérún àti eruku, ni kí ẹ wá, kí agbára mọ́tò rẹ̀ jẹ́ 1 hp ó kéré tán, kí họ́ọ̀sì jẹ́ íńṣì 4 láti ìdí pélénà dé ìdí fáànù rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti fún un, ibẹ̀ ló máa dí. Ẹ jẹ́ kí họ́ọ̀sì oníwúnjọ kúrú, torí ó ń dá atẹ́gùn dúró. Páìpù PVC íńṣì 4 tí àwọn plọ́ńbà ń lò ni kí ẹ fi ṣe ibi tó gùn. Níbi tó bá ti yí, ẹ so ẹ́líbò (páìpù tó tẹ̀ bí ìgúnpá) ìwọ̀n 45 méjì pọ̀ dípò ẹ́líbò ìwọ̀n 90 kan.

Dúrọ́ọ̀mù oníke tó nípọn, tí ìdérí rẹ̀ ní ìdè irin, ni kí ẹ fi sáàárín pélénà àti fáànù. Ẹ jẹ́ kí páìpù tó ń wọlé gba ẹ̀gbẹ́, kí èérún máa yí po kó tó rọ̀ sísàlẹ̀. Kí èyí tó ń lọ sí fáànù jáde láàárín ìdérí. Ẹ fi sílíkónì dí gbogbo ojú ìsopọ̀: ihò kékeré nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù ń tún èérún gbé sókè. Bó bá kún jù, gbogbo rẹ̀ á kọjá sínú fáànù.

Pélénà tó ní fáànù tirẹ̀ yàtọ̀ o. Òun ń fẹ́ síta ni. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ wọ dúrọ́ọ̀mù tó dé pa láìsí ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ìdérí á fò. Ẹ gé ihò ńlá sí ìdérí, kí ẹ fi aṣọ bò ó.

Àwọn àmì ojú pákó yẹn: èérún tí a kò fà lọ ló padà bọ́ sórí pákó, tí rọ́là ẹ̀yìn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ má tíì tún un fá. Ẹ tẹ́ aṣọ tó rin sórí rẹ̀, kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e. Igi tó wọnú á wú padà.

Bí jẹnẹrétọ̀ ni ẹ ń lò, ẹ kọ́kọ́ tan kọlẹ́kítọ̀, kó yí dáadáa, kí ẹ tó tan pélénà. Mọ́tò kọlẹ́kítọ̀ ń jẹ iná púpọ̀ bó bá ń gbéra. Jẹnẹrétọ̀ 2.5 kVA kò lè gbé méjèèjì.

Eruku lẹ́búlẹ́bú ni ọ̀rọ̀ kejì, họ́ọ̀sì nìkan kò yanjú rẹ̀. Àpò aṣọ lásán tó wà lára kọlẹ́kítọ̀ ń mú èérún, ó ń da eruku padà sínú yàrá. Ẹ ra àpò tó lè sẹ́ eruku tó kéré tó 1 máíkírọ́ọ̀nù (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan), tàbí kí ẹ gbé kọlẹ́kítọ̀ síta. Àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ti ìrókò tún máa ń yún ara, ó sì lè fa ikọ́ fée. Ìbòmú N95 tó ń sẹ́ eruku ni kí ẹ fi bo imú, kì í ṣe aṣọ. Ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbẹ ilẹ̀ náà, ẹ̀ ń tú u sókè ni.

Àwọn ọlọ́sìn adìẹ á gba èérún gbígbẹ lọ́wọ́ yín, àfi ti igi tí a ti kùn ní oògùn ikán. Pákó àlòkù, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì wá ìṣó inú rẹ̀ kí ẹ tó tì í wọlé: iná tó ta lójú bíléèdì lè máa jó lábẹ́lẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù fún wákàtí mélòó kan. Bí bíléèdì bá gbá ìṣó, ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù síta kí ẹ tó lọ sùn.