Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé kókó, ìhun àti àwòrán inú ewì "To Autumn" ("Sí Ìgbà Ìkórè") ti John Keats, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ìhun ni kí o kọ́kọ́ mú. Ẹsẹ 3 ló ní, ìlà 11 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á kọ 10, torí iye ìlà ẹsẹ "Ode to a Nightingale", ewì Keats mìíràn, nìyẹn. Ìró ìparí ìlà 4 àkọ́kọ́ ń lọ ní ABAB (àwọn ìlà tó ní lẹ́tà kan náà ni ìró ìparí wọn bára mu). Ìlà 7 tó kù jẹ́ CDEDCCE ní ẹsẹ kìíní, CDECDDE ní méjì yòókù.

Ẹsẹ kìíní jẹ́ ti èso tó ń pọ́n: ápù, àjàrà, afárá oyin tó kún àkúnya. Ẹsẹ kejì sọ ìgbà ìkórè dènìyàn: ó jókòó ní ilẹ̀ àká, oorun gbé e lọ láàárín oko tí wọn ò tíì gé tán. (Èyí ló dùn jù, lójú tèmi.) Ìró ló kún ẹsẹ kẹta: kòkòrò, àgùntàn, ìrẹ̀, àti alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ń kóra jọ lójú ọ̀run.

Àwọn ẹyẹ yẹn, tó ń múra láti sá fún òtútù, ni kó o fi ṣàlàyé kókó: òtútù ń bọ̀, ẹ̀mí ń rélé, síbẹ̀ akéwì ò sunkún. Kò tilẹ̀ lo "èmi" níbì kankan. Oṣù Kẹsàn-án 1819 ló kọ ọ́, ní Winchester, ìlú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.