Epo ni àbí ṣúgà? Ohun tó ń kó ọ̀rá sínú ẹ̀dọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, ọmọ ọdún 46 ni mí, mo sì wọn kílò 90. Wọ́n ṣe sìkáànù fún mi, wọ́n ní ọ̀rá ti wà nínú ẹ̀dọ̀ mi, bẹ́ẹ̀ mi ò fẹnu kan ọtí rí. Àbúrò mi ní kí n pa epo tì pátápátá, mo sì ti pa á tì. Oyin ni mo fi ń mu tíì báyìí dípò ṣúgà, àmọ́ tí oòrùn bá ti mú lọ́jà, mọ́ọ̀tì tútù ló ń gbé mi dúró, ìgbà mí ì sì wà tí mo máa ń mu méjì. Ṣé epo ló fà á ni àbí ṣúgà? Ṣé kí n jáwọ́ nínú láfún náà?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tààrà, mọ́ọ̀tì yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan epo. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá wa lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní Abẹ́òkúta níbí ló rò pé ọ̀rá téèyàn bá gbé mì ló ń lọ tààrà jókòó sínú ẹ̀dọ̀, díẹ̀ nínú ẹ̀ péré ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà débẹ̀. Ọ̀rá tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, pàápàá ti ikùn, máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì gbà á. Ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀ náà máa ń fi ṣúgà ṣe ọ̀rá. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan ọ̀rá inú oúnjẹ. Lọ́dún 2005 àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tọpa ẹ̀ lára àwọn èèyàn díẹ̀ tó ní àìsàn yìí, nǹkan bí 59% ló wá látinú ọ̀rá ara wọn, 26% ni ẹ̀dọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, 15% péré ló wá tààrà látinú ohun tí wọ́n jẹ.

Ẹ wá gbọ́ ti ṣúgà, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ṣúgà tá à ń rà lọ́jà, ìdajì ẹ̀ jẹ́ glucose, ìdajì ẹ̀ jẹ́ fructose. Glucose, gbogbo ara ló ń lò ó, iṣan ń lò ó, ọpọlọ ń lò ó, ẹ̀dọ̀ kàn ń mú ìpín tiẹ̀ ni. Ti fructose yàtọ̀, ìfun á bá wa ṣe díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ tó bá ti rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bíi téèyàn bá gbé ìgò mínírà sẹ́nu, ẹ̀dọ̀ ló máa gba èyí tó pọ̀ jù, kò sì sí ìjánu tó ń dá ẹ̀dọ̀ dúró lórí ẹ̀ bó ṣe wà fún glucose, á kàn máa gbà á ni, á sì máa sọ lára ẹ̀ di ọ̀rá. Lọ́dún 2021 èsì kan jáde láti Zurich ní Switzerland, ọkùnrin 94 tára wọn le ni wọ́n lò, wọ́n ń fún àwọn kan lára wọn ní ohun mímu tó ní gíráàmù ṣúgà 80 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méje. Àwọn tó mu fructose àtàwọn tó mu ṣúgà lásán, ọ̀rá tí ẹ̀dọ̀ wọn ń ṣe di ìlọ́po méjì tàwọn tí ò mu nǹkan kan, tàwọn tó mu glucose ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ yí ìgò mọ́ọ̀tì yín wò lẹ́yìn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ iye ṣúgà sí. Tí wọ́n bá kọ gíráàmù 10 nínú 100ml, ìgò 33cl kan ti di gíráàmù 33 nìyẹn, ṣíbí tíì mẹ́jọ gbáko. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ó dáa kí gbogbo ṣúgà tá à ń fi kún nǹkan má ju nǹkan bí gíráàmù 25 lójúmọ́. Oyin náà ò gbà yín sílẹ̀ o, nǹkan bí 40% oyin ló jẹ́ fructose, ẹ̀dọ̀ yín ò mọ̀ pé oyin ló ti wá. Sóbò tí wọ́n da ṣúgà sí, júùsì inú páálí, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọsàn téèyàn bó jẹ yàtọ̀, ẹ máa jẹ ẹ́, fructose ibẹ̀ kéré, fọ́nrán ara ọsàn (fáíbà) ò sì ní jẹ́ kó rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Láfún ńkọ́? Mi ò ní gba láfún lọ́wọ́ ọmọ Ẹ̀gbá. Glucose ló máa ń dà nínú ara, kò ní fructose, àmọ́ òkèlè tó bá pọ̀ jù máa sanra síkùn, ọ̀rá ikùn yẹn náà ló sì ń padà lọ sẹ́dọ̀. Ẹ dín in kù, kí ewédú àti ẹja pọ̀ jù ú lọ nínú àwo.

Epo náà ò mọ́ tónítóní o, irú ẹ̀ ló yàtọ̀ síra. Ní Finland lọ́dún 2018, wọ́n fi kálórì 1,000 kún oúnjẹ àwọn kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n fún ní ọ̀rá tó máa ń dì, bíi bọ́tà àti òróró àgbọn, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ wọn fi 55% lé sí i, tàwọn tó jẹ ṣúgà fi 33% lé, tàwọn tó jẹ òróró tó ń ṣàn àtàwọn nǹkan bí ẹ̀pà fi 15% péré lé. Epo pupa wà láàárín, nǹkan bí ìdajì ẹ̀ ló jẹ́ irú ọ̀rá tó ń dì yẹn, ẹ̀yin náà ń rí i lásìkò ọyẹ́ bó ṣe máa ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì. Nítorí náà ẹ dá a padà sínú ọbẹ̀, ṣíbí ọbẹ̀ méjì fún ìkòkò ẹ̀fọ́ tí gbogbo ilé máa jẹ, kẹ́ ẹ má dà á látẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ayamáṣe tí epo léfòó lórí ẹ̀ àti ọ̀rá ara ẹran màlúù, ẹ jẹ́ kí ìyẹn di ti ọjọ́ àríyá nìkan.

Tẹ́ ẹ bá fi kílò mẹ́rin àbọ̀ fọn, ìyẹn 5% ìwọ̀n yín, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ á ti máa dín kù, tó bá tó 7% sí 10%, ara wíwú inú ẹ̀dọ̀ náà máa ń rọlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni o, ẹ má febi pa ara yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀ fún yín, àgbo mí ì máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ gan-an, ká má tiẹ̀ sọ èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ. Tẹ́ ẹ bá padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ ní kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín àti hepatitis B, ìyẹn kòkòrò àrùn kan tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, torí sìkáànù ò lè sọ ìyẹn fún yín, ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n máa tún ẹ̀dọ̀ yẹn wò.