Ẹjọ́ ti parí láti ọdún 2010, ìwé rẹ̀ dà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ní ọdún 2009, wọ́n mú mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Katy, lẹ́bàá Houston, pé mo gbé aṣọ ọmọdé tí owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 80 dọ́là láìsanwó. Mo sùn mọ́jú ní àtìmọ́lé. Lọ́yà tí kóòtù fún mi ní kí n gba "deferred adjudication", ìyẹn ni pé adájọ́ kò ní tíì dá mi lẹ́bi, tí mo bá sì pa gbogbo àṣẹ rẹ̀ mọ́, ẹjọ́ á túká. Mo lo oṣù mẹ́sàn-án lábẹ́ probation, ìyẹn àkókò tí kóòtù fi ń ṣọ́ mi, mo san gbogbo owó, wọ́n sì sọ fún mi ní 2010 pé ẹjọ́ ti túká. Mi ò gba ìwé kankan lọ́wọ́ wọn. Ní báyìí mo fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù N-400 kí n lè di ọmọ Amẹ́ríkà. Mo lọ bá àwọn ọlọ́pàá, wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn kọ́ ni. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n ṣáà kọ pé wọn ò mú mi rí, ó ti pẹ́. Níbo ni mo ti máa rí ìwé yìí, kí sì ni kí n béèrè? Ìyá Ìbejì, Texas.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Kí a tó dé ibi tí ìwé wà, ẹ jẹ́ kí n mú ìmọ̀ràn ará ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kúrò nílẹ̀. Ẹ má kọ pé wọn ò mú yín rí. Ìka tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín lálẹ́ ọjọ́ náà ní 2009 ṣì wà nílẹ̀, ìmígíréṣọ̀n á sì tún gba ìka yín nígbà tí ẹ bá kọ N-400, wọ́n á fi wé ti FBI. Fọ́ọ̀mù náà fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti mú yín rí, ì báà jẹ́ pé ẹjọ́ túká, ì báà jẹ́ pé kóòtù ti pa á rẹ́ pátápátá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn lọ́yà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ṣiṣẹ́ níbí, mo sì ti rí ẹni tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, tó jẹ́ pé irọ́ yìí gan-an ló sọ ọ́ di wàhálà. Ó dùn mí wọra.

Pé ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọlọ́pàá kò yà mí lẹ́nu. Nílé, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ìwé pé òun kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn, Alágbọn ní Ìkòyí ló máa ń gbà lọ, ọlọ́pàá ló sì máa fún un. Níbí, ọlọ́pàá mọ ọjọ́ tí wọ́n mú èèyàn, kóòtù ló mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí. Bí ẹjọ́ ṣe parí yẹn gan-an sì ni ìmígíréṣọ̀n fẹ́ rí. Ẹ̀sùn tí ẹ wí yìí, kóòtù ní káńtì (ìpín ìjọba kékeré nínú ìpínlẹ̀) tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ ló ń gbọ́ ọ, ọ̀dọ̀ akọ̀wé kóòtù káńtì náà ni fáìlì rẹ̀ ń gbé. Amẹ́ríkà ní káńtì tó ju 3,000 lọ, Texas nìkan ní 254. Nítorí náà, kí ẹ tó wá fáìlì, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ káńtì.

Ibí ni ọ̀rọ̀ tiyín ti nípọn díẹ̀, torí Katy ni ẹ dárúkọ. Ìlú kékeré yẹn wà lórí ilẹ̀ káńtì mẹ́ta: Harris, Fort Bend àti Waller. Èèyàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù ní káńtì kan kó sì lọ ra epo ọkọ̀ ní òmíràn láìmọ̀. Àdírẹ́sì lẹ́tà kò lè yanjú rẹ̀. Ẹ rántí ibi tí ẹ ti ń lọ jókòó de adájọ́. Bó bá jẹ́ àárín Houston gan-an, ní òpópónà Franklin, Harris ni. Bó bá jẹ́ ìlú Richmond, Fort Bend ni. Bó bá jẹ́ Hempstead, Waller ni. Ẹ tún wo inú àpò ìwé àtijọ́: rìsíìtì owó ìdúró, ìwé owó probation, lẹ́tà lọ́yà. Orúkọ káńtì máa ń wà lókè pátápátá.

Bí ẹ kò bá rántí ohunkóhun, ẹ lè ní kí FBI fún yín ní àkọsílẹ̀ tiyín fúnra yín. Ẹ ó tẹ̀ka, ẹ ó san 18 dọ́là, wọ́n á sì fi ọjọ́ tí wọ́n mú yín àti àwọn tó mú yín ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ìyẹn ti tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àkọsílẹ̀ FBI máa ń sọ pé wọ́n mú èèyàn, tí kò ní sọ bó ṣe parí. Ẹ fi tọ́ka sí káńtì, kí ẹ wá lọ síbẹ̀.

Tí ẹ bá ti mọ káńtì, ìbéèrè tó kàn ni akọ̀wé wo. Ibí yìí ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn rin ìrìn òfo. Ní Harris, ọ́fíìsì District Clerk ló ń tọ́jú ìwé felony, ìyẹn ẹ̀sùn ńlá, òun náà ló ń tọ́jú misdemeanor, ìyẹn ẹ̀sùn kékeré, ti Class A, tó wúwo jù nínú wọn, àti Class B tó tẹ̀ lé e. Ní Fort Bend tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, felony nìkan ló wà lọ́dọ̀ District Clerk. Ọ̀dọ̀ County Clerk ni kí ẹ ti béèrè misdemeanor. Class C, tó fúyẹ́ jù, sì tún yàtọ̀: kóòtù Justice of the Peace tàbí kóòtù ìlú fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ ọ.

Ẹ má sì fi òfin òní wá ẹjọ́ àná o. Lónìí, olè jíjà tí kò tó 100 dọ́là jẹ́ Class C ní Texas. Ẹni tó bá wo 80 dọ́là yín lè sọ pé kí ẹ lọ sí kóòtù kékeré, wọn ò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Oṣù September 2015 ni òfin yẹn yí padà. Ní 2009, láti 50 dọ́là sókè títí dé abẹ́ 500 ni Class B. Lọ́dọ̀ akọ̀wé tí mo sọ lókè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ lè kọ́kọ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí ní ojú ìwé tí èèyàn ti lè fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí wá ẹjọ́. Ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni nọ́ńbà ẹjọ́, tí wọ́n ń pè ní cause number ní Texas. Orúkọ wa ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó tẹ orúkọ yín sínú kọ̀ǹpútà lóru ọjọ́ náà kò mọ èwo ni orúkọ ìdílé, èwo ni orúkọ àmútọ̀runwá. Mo rántí bàbá kan tí orúkọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ń jẹ́ Olúwaṣeun. Ẹ̀ẹ̀mẹta la wá a, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ̀ǹpútà ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bàbá ti ń dìde láti máa lọ nígbà tí mo tẹ OLUWA nìkan síbi orúkọ ìdílé, tí mo fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ sí i. Ó jáde wẹ́rẹ́! Wọ́n ti gé orúkọ náà sí méjì, wọ́n wá fi orúkọ ìdílé rẹ̀ sáàárín. Ẹ wá orúkọ tí ẹ ń jẹ́ kí ẹ tó lọ́kọ, ẹ wá ti ọkọ yín, ẹ yí wọn síwá sẹ́yìn, ẹ yọ háífìnnì kúrò, ẹ gé èyí tó gùn sí méjì.

Ẹ má sanwó fún àwọn tó ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn á yọ àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni jáde ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n lè rí ẹjọ́ yín, wọ́n lè rí ti ẹni tí ẹ jọ ń jẹ́ orúkọ, ṣùgbọ́n wọn ò ní òǹtẹ̀ kóòtù. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ ni ìmígíréṣọ̀n ń béèrè, irú èyí tí àwọn lọ́yà nílé ń pè ní CTC, ìyẹn Certified True Copy. Akọ̀wé kóòtù nìkan ló lè fún yín, dọ́là mélòó kan ló sì máa ń ná yín.

Tí ẹ bá dé ojú fèrèsé akọ̀wé, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín dání, ẹ fún un ní nọ́ńbà ẹjọ́, kí ẹ sì béèrè ìwé mẹ́ta lórúkọ: "Information", ìyẹn ìwé ẹ̀sùn tí agbẹjọ́rò ìjọba fi pè yín lẹ́jọ́, "Order of Deferred Adjudication", èyí tí adájọ́ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí ẹ gba probation, àti ìwé àṣẹ tó tú yín sílẹ̀ ní 2010, tó sọ pé ẹ ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe, wọ́n sì ti da ẹjọ́ náà nù. Ẹ sọ gbangba pé "certified copy" ni ẹ fẹ́. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹ̀dà lásán ni wọ́n lè tẹ̀ fún yín. Ẹ má torí èyí kọ lẹ́tà òfin ẹ̀tọ́ ìròyìn. Òfin yẹn kò kan kóòtù ní Texas. Béèrè lásán ti tó.

Ẹ má kúrò lójú fèrèsé láìtíì kà á. Ẹ wo orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ẹjọ́, òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí akọ̀wé. Ẹ wá wo ibi tí wọ́n kọ Class sí dáadáa, torí ọ̀rọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Lábẹ́ òfin Texas, ẹjọ́ yín kò já sí ìdálẹ́bi. Ṣùgbọ́n òfin ìmígíréṣọ̀n tí wọ́n ṣe ní 1996 kò wò ó bẹ́ẹ̀: bí èèyàn bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, tàbí pé òun kò ní bá wọn jiyàn, tí adájọ́ sì fi ìyà tàbí ìkálọ́wọ́kò kankan lé e, ìdálẹ́bi ni lójú wọn. Class B kò ju ọgọ́sàn-án ọjọ́ lẹ́wọ̀n lọ, Class A lè tó ọdún kan. Nínú ọ̀rọ̀ olè jíjà, ọdún kan yẹn lè sọ ọ̀rọ̀ di bóyá wọ́n lè lé èèyàn kúrò nílùú, pàápàá bó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún tó wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ fún lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kí ẹ tó fi N-400 ránṣẹ́. Kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Bí akọ̀wé bá wá a tí kò rí i, ẹ má pa dà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ ní kó fún yín ní lẹ́tà olóǹtẹ̀ pé òun wá ẹjọ́ náà, kó kọ gbogbo orúkọ tó fi wá a, ọjọ́ ìbí yín àti ọdún tó yẹ̀ wò. Ìwé ni ìyẹn náà. Bó bá sì jẹ́ pé kóòtù ti fi àṣẹ bo ẹjọ́ yín mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní nondisclosure, kò ní hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n òfin gbà kí akọ̀wé fi han ẹni tó ni ín. Ẹ fẹsẹ̀ yín lọ, ẹ fi káàdì yín hàn.

Ẹ̀yin òǹkàwé tó kù, tí lọ́yà ń bá yín sọ̀rọ̀ nípa pípa ẹjọ́ rẹ́, èyí tó ń jẹ́ expunction ní Texas: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, fáìlì á di àwátì, ìmígíréṣọ̀n á sì ṣì máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tó wà ní Maryland, ojú ìwé Case Search ti kóòtù ìpínlẹ̀ yín kó gbogbo káńtì pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ ọ̀dọ̀ akọ̀wé náà lòǹtẹ̀ ti ń wá. Ní kóòtù ọ̀daràn New York City, "Certificate of Disposition" ni kí ẹ béèrè, 10 dọ́là ni.

Ìyá Ìbejì, ẹ gba ẹ̀dà méjì-méjì: ọ̀kan fún lọ́yà, ọ̀kan tí ẹ ó gbé lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ má ya ojú ìwé náà kúrò lára ara wọn láti fi ṣe fọ́tókọ́pì. Bí akọ̀wé ṣe so ó pọ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀.