Kí ló pa ìtọ̀ ìyá mi pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn olùwádìí kan láti yunifásítì wá sí agboolé wa ní Ọjà'ba, Ìbàdàn. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru kọ́ sára ògiri iyàrá ìyá mi, ẹni ọdún 76, wọ́n sì ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sùn lóru, iye ìgbà tí wọ́n ń tọ̀ lóòjọ́ àti ibi tí a ti ń pọn omi. Wọ́n ní ipa tí àyípadà ojú ọjọ́ ń ní lórí ìlera ni àwọn ń wádìí. Kí ló pa ìtọ̀ ìyá mi pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Bí ooru bá mú, òógùn tó ń gbẹ lára ló ń mú kí ara tutù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá kún inú afẹ́fẹ́, bí ìgbà tí òjò ṣú tí kò tíì rọ̀, òógùn kì í gbẹ bọ̀rọ̀, omi ara á kàn máa dànù lásán. Àgbàlagbà kì í sì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Bí ìtọ̀ bá wá ń dín kù tó sì ń pọ́n, omi ti ń tán lára nìyẹn, kíndìnrín àti ọkàn sì ń ṣe làálàá.

Ìta gbangba tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, bíi pápákọ̀ òfurufú, ni wọ́n ti ń wọn ooru tí à ń gbọ́ nínú ìròyìn ojú ọjọ́, bẹ́ẹ̀ iyàrá onípáànù tí kò ní àjà, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn, a máa di ooru ọ̀sán mú di òru. Ìwé ilé ìwòsàn náà kò lè sọ gbogbo rẹ̀, nítorí kẹ́míìsì tàbí ọ̀dọ̀ alágbo ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ń lọ. Àwọn tí ìyà yìí ń jẹ jù gan-an ni orúkọ wọn kì í sí nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí olùwádìí fi gbọ́dọ̀ wọlé tọ̀ wọ́n.

Ní ti omi, ará Ìbàdàn ni yín, n kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn omíyalé odò Ògùnpa ọdún 1980 tàbí omíyalé oṣù kẹjọ ọdún 2011 fún yín. Bí àgbàrá bá da ṣálángá pọ̀ mọ́ kànga, onígbáméjì kì í jìnnà. Àwọn olùwádìí á fi àkọsílẹ̀ òjò wé iye aláìsàn fún ìgbà pípẹ́, nítorí ooru ọdún kan kò tó ẹ̀rí: àkọsílẹ̀ 30 ọdún ni àwọn onímọ̀ sábà fi ń mọ ìṣe ojú ọjọ́ ibì kan.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé kí màmá tó gbà, kí wọ́n sì ṣèlérí pé àbájáde rẹ̀ yóò padà wá sí agboolé. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá kó ọ̀rọ̀ wa lọ tí a kò tún gbúròó wọn mọ́. Ní báyìí ná, ẹ gbé omi sítòsí ibùsùn màmá, kí wọ́n máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ wọ́n, àyàfi tí dókítà bá ní kí wọ́n dín in kù. Bí ara wọn bá gbóná tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì já gaara mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.