Èsì: Ìdí tí ẹ kò fi rí ẹni tó ṣi password tẹ̀ nínú log vsftpd

Ẹ ní nínú log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀) vsftpd, ìyẹn ètò tó ń gba fáìlì wọlé tó sì ń fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ FTP lórí server, fáìlì tó wọlé àti èyí tó jáde nìkan lẹ̀ ń rí, pé ẹni tó ṣi password tẹ̀ kò hàn. Ètò xferlog_std_format=YES ló fà á: fáìlì tó kọjá nìkan ló ń kọ sínú /var/log/xferlog.

Ẹ ṣí vsftpd.conf (fáìlì ètò vsftpd), ẹ fi xferlog_enable sí YES, kí ẹ sọ xferlog_std_format di NO. Ẹ má fi àlàfo sí ẹ̀gbẹ́ àmì =, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ vsftpd ò ní gbéra. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe systemctl restart vsftpd kí ó lè tún bẹ̀rẹ̀. FAIL LOGIN (ìyẹn ni pé ẹnì kan gbìyànjú láti wọlé, kò ṣeé ṣe) àti àdírẹ́sì IP onítọ̀hún á wà nínú /var/log/vsftpd.log.

Tí ẹ bá fẹ́ rí gbogbo àṣẹ tó ń wọlé, log_ftp_protocol=YES ni, àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ bí xferlog_std_format bá ṣì wà ní YES. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń há sí. Ó máa ń tètè kún disk o, ẹ pa á tí ẹ bá ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Bí ẹ bá ṣì nílò xferlog, dual_log_enable=YES á máa kọ xferlog àti vsftpd.log pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà i nínú xferlog: tó bá wà láàárín ìlà, ó túmọ̀ sí pé wọ́n gbé fáìlì wá sórí server, tó bá wà ní ìparí ìlà, ó túmọ̀ sí pé fáìlì náà já lójú ọ̀nà.